Ìràwọ̀ Sirius, Àwọn Dogon, àti Ọ̀rọ̀ Tí A Fi Sí Àgbà Lẹ́nu

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni. Àgùàlà kì í ṣe ajá oṣù. Ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí ti gbójú sókè wo sánmà lọ́pọ̀ ìgbà kí ó tó sọ ọ́. Ó ti rí i pé ohun méjì lè fara kọ́ra lójú wa, kí ó sì jẹ́ pé ọ̀nà wọn ni ó pàdé, tí kò sí ìbátan kankan láàrin wọn. Ìbéèrè yìí gan-an ni ó dojú rú mọ́ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ Yúróòpù lọ́wọ́ fún ìgbà pípẹ́: bí ìràwọ̀ méjì bá wà pẹ́kípẹ́kí lójú ọ̀run, ṣé wọ́n bá ara wọn tan ni, àbí ojú wa ni ó so wọ́n pọ̀? N ó kọ́kọ́ sọ bí wọ́n ṣe rí ìdáhùn sí i, nítorí pé láìsí ìyẹn, ọ̀ràn tí mo fẹ́ gbé wá síwájú ẹ̀yin òǹkàwé kò lè yé ni dáadáa. Ọ̀ràn náà ni ti ìràwọ̀ Sirius àti àwọn ará Dogon ní ilẹ̀ Mali, ó sì kan gbogbo àwa tí ń gba ìtàn lẹ́nu àgbà.

Àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì kan, John Michell, ni ó kọ́kọ́ fi ìṣirò wọ inú ọ̀rọ̀ náà ní ọdún 1767. Ó mú agbo ìràwọ̀ tí àwọn Gíríìkì pè ní Pleiades, tí ìwé Jóòbù dárúkọ, tí àwọn Hausa sì ń pè ní Kaza mai 'ya'ya, èyíinì ni àgbébọ̀ adìẹ pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Ó yan mẹ́fà tí ó mọ́lẹ̀ jù lọ nínú wọn, ó wá bi ara rẹ̀ léèrè pé: bí a bá da gbogbo ìràwọ̀ tí ó mọ́lẹ̀ tó wọn sójú ọ̀run bí ẹni da àgbàdo sílẹ̀, kí ni yóò mú kí mẹ́fà kó jọ sí ojú kan báyìí? Ìṣirò rẹ̀ fi hàn pé bí a bá dà wọ́n ní ìgbà 500,000, bóyá ni a fi lè rí irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Michell ní nígbà náà, kì í ṣe èèṣì. Agbára kan ni ó so wọ́n pọ̀. Ó ní bákan náà ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìràwọ̀ tí ó wà ní méjìméjì yóò jẹ́ ìbejì tòótọ́.

Ọ̀rọ̀ Michell dára, ṣùgbọ́n ìṣirò lásán ni; kò tí ì sí ẹni tí ó fi ojú rí ìràwọ̀ kan tí ó ń yí èkejì po. William Herschel ni ó rí i. Ọmọ Jámánì ni, olórin sì ni ní ìlú Bath kí ó tó di pé ó sọ ìràwọ̀ wíwò di iṣẹ́. Òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin, Caroline, a máa jókòó nínú òtútù láti ìrọ̀lẹ́ di àfẹ̀mọ́jú; bí ẹ̀gbọ́n ti ń wò ni àbúrò ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé kì í ṣe ìbejì ni Herschel ń wá. Àwọn méjì tí kò bá ara wọn tan ni ó ń wá, nítorí ó rò pé òun lè ti ipa bẹ́ẹ̀ mọ bí ìràwọ̀ ti jìnnà sí wa tó. Ó kọ orúkọ wọn jọ rẹpẹtẹ, ó sì tẹ ìwé àkọ́kọ́ jáde ní 1782. Nígbà tí ó padà lọ wò wọ́n lẹ́yìn nǹkan bí ogún ọdún, ó bá a pé àwọn kan ti kúrò ní ipò tí ó fi wọ́n sí. Ìràwọ̀ méjì tí ó para pọ̀ jẹ́ Castor ti yí lára ara wọn. Ní 1803 ó kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé pé ìràwọ̀ ìbejì ń bẹ ní tòótọ́.

Ẹni tí kò bá mọ ohun tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí lè rò pé iṣẹ́ àwọn tí ọwọ́ wọn dilẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n a kò lè gbé ìràwọ̀ sórí òṣùwọ̀n. Bí méjì bá ń yí ara wọn po, bí òòfà àárín wọn ti lágbára tó ni wọn yóò ṣe yára tó. Ẹni tí ó bá mọ bí wọ́n ti jìnnà síra wọn àti iye ọdún tí wọ́n fi ń yí po ti mọ ìwọ̀n wọn nìyẹn. Ara ìràwọ̀ ìbejì ni ìmọ̀ wa nípa ìwúwo ìràwọ̀ ti sun wá. Agbo ìràwọ̀ ní tirẹ̀ dà bí ẹgbẹ́ régbérégbé àwọn Ìjẹ̀bú. Nítorí pé ìgbà kan náà ni a bí gbogbo wọn, bí a bá rí èyí tí ó ti gbó àti èyí tí ó ṣì ń ta sánsán nínú agbo kan, a mọ̀ pé kì í ṣe ọjọ́ orí ni ó fa ìyàtọ̀. Ìwọ̀n wọn ni. Èyí tí ó tóbi jù ni ó ń tètè jó tán.

Ẹ jẹ́ kí á wá dé ọ̀dọ̀ Sirius. Òun ni ìràwọ̀ tí ó mọ́lẹ̀ jù lọ lóru. Kìkì òṣùpá, Àgùàlà àti ọ̀kan tàbí méjì nínú àwọn alárìnká ojú ọ̀run ni ó jù ú lọ. Iná Mushin àti ti Ojúẹlẹ́gba ti gba ọ̀pọ̀ ìràwọ̀ lójú wa ní Èkó, ṣùgbọ́n kò rí ti Sirius gbà. Ní àárín oṣù Fẹ́búárì, bí ọyẹ́ bá ti kásẹ̀ nílẹ̀ díẹ̀, kí ẹni tí ó wà ní Yábàá tàbí Sùúrùlérè jáde sí gbangba ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́. Kí ó wá ìràwọ̀ mẹ́ta tí ó tò lọ́wọ̀ọ́wọ́ lókè, kí ó sì máa tẹ̀ lé ìlà wọn sí ìhà gúúsù ìlà-oòrùn. Ìràwọ̀ funfun ńlá tí ojú rẹ̀ yóò bọ́ sí nìyẹn. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti rìn fún ọdún mẹ́jọ ó lé díẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, bẹ́ẹ̀ aládùúgbò wa ni a ń pè é láàrin àwọn ìràwọ̀.

Ní 1844 ni Friedrich Bessel, onímọ̀ ìràwọ̀ ní ìlú Königsberg, sọ pé Sirius kì í rìn tààrà. Ó ń mì láti ọ̀tún sí òsì bí ẹni tí ó di ọmọ kan lọ́wọ́ mú tí ọmọ náà ń fà á. Bessel ní èkejì kan ń bẹ tí a kò rí. Ó kú ní 1846 láìrí i. Ní oṣù January 1862, Alvan Graham Clark, ọmọ onídígí kan ní Massachusetts ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ń dán dígí ńlá kan wò tí òun àti bàbá rẹ̀ ṣe fún awò awọ̀nàjíjìn. Ó yí i sí Sirius, ó sì rí àmì ìmọ́lẹ̀ kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èkejì nìyẹn. Nǹkan bí àádọ́ta ọdún ni àwọn méjèèjì fi ń yí ara wọn po lẹ́ẹ̀kan. Ìmọ́lẹ̀ èkejì kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, nítorí náà kò sí ojú ènìyàn tí ó lè rí i láìsí awò. Kì í ṣe pé ó ṣòro. Kò ṣeé ṣe rárá ni.

Ìyanu tí ó tóbi jù ṣì wà lẹ́yìn. Ní 1915, Walter Adams tí ó ń ṣiṣẹ́ lórí Òkè Wilson ní California tú ìmọ́lẹ̀ èkejì náà sí àwọ̀ òṣùmàrè, ó sì bá a pé ìràwọ̀ náà gbóná gidigidi. Ohun tí ó gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí kò sì mọ́lẹ̀, a jẹ́ pé ó kéré ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìṣirò ti fi hàn tẹ́lẹ̀ pé ó wúwo tó oòrùn wa. Ìwúwo oòrùn nínú ara tí kò ju ti ilẹ̀ ayé lọ! Ṣíbí kékeré kan nínú rẹ̀ yóò wúwo ju erin lọ. Láàrin 1920 àti 1930 ni ìròyìn yìí tàn kálẹ̀ nínú ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé àti nínú ìwé ìròyìn tí gbogbo ènìyàn ń kà, nítorí Arthur Eddington, onímọ̀ ìràwọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mọ bí a ti ń kọ̀wé kí mùtúmùwà gbádùn rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àwọn ọdún wọ̀nyí sọ́kàn.

Ní ìgbà kan náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin ará Faransé kan, Marcel Griaule, ń kó ẹgbẹ́ olùwádìí la Áfíríkà já láti Dakar dé Djibouti. Ní 1931, ní ojú ọ̀nà ìrìn-àjò náà, wọ́n dé ọ̀dọ̀ àwọn Dogon, àgbẹ̀ tí ń gbé lórí àti lábẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkúta Bandiagara. Griaule fẹ́ràn wọn, ó sì ń padà lọ bá wọn fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ní 1946, ọdẹ afọ́jú kan tí ń jẹ́ Ogotemmêli fi ọjọ́ mẹ́tàlélọ́gbọ̀n bá a sọ̀rọ̀ nípa bí ayé ti ṣẹ̀. Ìwé tí ó jáde láti inú rẹ̀ ní 1948 wà lára àwọn ìwé tí ó kọ́ Yúróòpù pé àwọn aláwọ̀ dúdú ní èrò ìjìnlẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá Griaule wíjọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ san gbèsè ọpẹ́ yìí.

Ní 1950, òun àti Germaine Dieterlen gbé àpilẹ̀kọ kan jáde nípa ìmọ̀ àwọn ará Sudan nípa Sirius. Ẹnu àwọn ẹni mẹ́rin ni wọ́n ti gbà á ní pàtàkì. Wọ́n ní àwọn Dogon ń pe Sirius ní sigi tolo. Tolo ni ìràwọ̀ ní èdè wọn. Wọ́n ní ìràwọ̀ kékeré kan, po tolo, ń yí i po ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún. Po ni ọkà wínníwínní tí àwọn Hausa ń pè ní acha; nítorí náà, ìràwọ̀ tí ó kéré jù lọ ni. Bí ó sì ti kéré tó, òun ni ó wúwo jù lọ nínú ohun gbogbo. Irin tí ó wà nínú rẹ̀ kò sí bí gbogbo ẹ̀dá ayé ti lè para pọ̀ tí wọn yóò gbé e. Wọ́n tún dárúkọ ìràwọ̀ kẹta, wọ́n sì so gbogbo rẹ̀ mọ́ ọdún Sigui tí àwọn Dogon ń ṣe ní ọgọ́ta ọdún sí ara wọn. Bí àwọn tí kò ní awò ṣe mọ ohun tí a kò lè rí láìsí awò, àwọn òǹkọ̀wé méjèèjì kò dáhùn. Wọ́n ní àwọn kò tilẹ̀ tí ì gbé ìbéèrè náà kalẹ̀.

Àwọn mìíràn ni ó bá wọn gbé e kalẹ̀. Ní 1976, Robert Temple, ọmọ Amẹ́ríkà tí ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwé kan jáde tí ó fi sọ pé àwọn ẹ̀dá inú omi kan ti ìhà Sirius wá sí ayé, pé àwọn ni wọ́n kọ́ àwọn ará àtijọ́ ní ìmọ̀ náà, tí ó fi dé ọ̀dọ̀ àwọn Dogon. Ìwé náà tà wàràwàrà. Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ náà ti gba ọ̀nà méjì. Àwọn kan ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà fi ń sọ̀rọ̀ nípa àlejò ojú ọ̀run. Àwọn kan láàrin àwa aláwọ̀ dúdú sì fi ń yangàn pé àwọn baba ńlá wa ti mọ ìràwọ̀ ìbejì kí òyìnbó tó mọ̀ ọ́n. Kò sí ọdún tí akẹ́kọ̀ọ́ kan kì í dìde ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ wa ní Akọkà kí ó bi mí pé, "Ọ̀gá, ṣé ẹ ti gbọ́ ti àwọn Dogon?" Ayọ̀ a sì máa hàn lójú rẹ̀. Mo mọ orísun ayọ̀ náà dáadáa, n kò sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí a ti fi ọgọ́rùn-ún ọdún sọ fún pé baba rẹ̀ kò mọ nǹkan kan yóò dì mọ́ ẹ̀rí èyíkéyìí tí ó bá rí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí tí a dì mọ́ láìyẹ̀ ẹ́ wò lè já mọ́ ni lọ́wọ́ lójú ọjà.

Ẹ jẹ́ kí á yẹ̀ ẹ́ wò nígbà náà. Àwọn kan ní èèṣì ni. Èèṣì a máa ṣẹlẹ̀: Jonathan Swift kọ ìtàn àròsọ kan ní 1726 tí ó fi sọ pé òṣùpá méjì ni Mars ní, ní 1877 a sì rí òṣùpá méjì níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ti po tolo ju nọ́ńbà kan ṣoṣo lọ. Noah Brosch, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Ísírẹ́lì, tọ́ka sí i pé àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ Faransé wá sí ilẹ̀ Senegal ní oṣù April 1893 láti wo bí òṣùpá ṣe bo oòrùn lójú, pé ọ̀rọ̀ náà lè ti ibẹ̀ ràn. Ìyẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ọ̀nà jìn láti Senegal dé Bandiagara, pàápàá jù lọ, kò sí ẹ̀dá kan láyé ní 1893 tí ó mọ̀ pé èkejì Sirius wúwo lọ́nà àrà. Ọdún méjìlélógún ṣì kù kí Adams tó wò ó.

Ìwúwo yìí gan-an ni ó ń tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí a bá gbẹ́ ilẹ̀ tí a bá owó ẹyọ kan nínú rẹ̀ tí ọdún wà lára rẹ̀, a mọ̀ pé a kò sin ohun tí ó wà níbẹ̀ ṣáájú ọdún náà. Bẹ́ẹ̀ ni gbólóhùn pé po tolo ni ó wúwo jù lọ nínú ohun gbogbo. Láti 1915 títí dé ọdún tí Griaule kọ̀wé, ohun tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Paris lè kà nínú ìwé ìròyìn nìyẹn: irú ìràwọ̀ yìí ni ó wúwo jù lọ nínú ohun tí a tí ì rí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òtítọ́ mọ́. Ní 1967 ni a rí àmì àkọ́kọ́ irú ìràwọ̀ mìíràn tí ara rẹ̀ ki tó bẹ́ẹ̀ tí èkejì Sirius dà bí òwú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ó bá ṣe pé ọ̀dọ̀ àwọn àlejò ojú ọ̀run ni ìmọ̀ náà ti wá, tàbí láti ìjìnlẹ̀ ayébáyé, kí ló dé tí ó fi mọ gbogbo ohun tí Yúróòpù mọ̀ ní 1930, tí kò sì fi ohunkóhun kọjá a? Ìràwọ̀ kẹta ńkọ́? Ní 1995 àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ méjì ní ilẹ̀ Faransé rò pé àwọn rí àpẹẹrẹ rẹ̀ nínú ìrìn Sirius, ariwo sì ta. Ṣùgbọ́n gbogbo awò tí a ti yí sí i láti ìgbà náà, a kò rí i.

Ẹni tí ó lọ wádìí ọ̀rọ̀ náà dé ilé ni Walter van Beek, onímọ̀ àṣà ará Holland. Láti 1979 ni ó ti ń lọ gbé láàrin àwọn Dogon, ó sì gbé ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1991. Ó ní kódà láàrin àwọn tí ó yí Griaule ká, òun kò rí ẹni tí ó mọ̀ pé Sirius jẹ́ méjì. Àwọn tí ó sì mọ orúkọ sigi tolo kò fohùn ṣọ̀kan lórí ìràwọ̀ tí ó jẹ́. Ọ̀kan ní ìràwọ̀ àìrí kan ni, tí ń yọ láti kéde ọdún Sigui. Òmíràn ní Àgùàlà ni. Ibi tí ohùn wọn ti ṣọ̀kan ni pé ọ̀dọ̀ Griaule ni àwọn ti gbọ́ ọ.

Ọ̀dọ̀ Griaule! Ọ̀rọ̀ náà ti yípo, ó ti padà sílé. Griaule ti kọ́ nípa ìràwọ̀ ní Paris, van Beek sì ní ó a máa gbé àwòrán ojú ọ̀run dání lọ sí oko ìwádìí. Ẹ fi ojú inú wò ó. Àlejò pàtàkì kan, tí ijọba ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀, tí ó ti ràn ìlú lọ́wọ́, jókòó pẹ̀lú ògbufọ̀. Ó na ìka sí ìràwọ̀ kan, ó ní, "Ṣé ìràwọ̀ yìí ní èkejì? Ṣé kékeré ni?" Àgbà tí a bi kò ní fẹ́ kí a sọ pé òun kò mọ̀, kò sì ní fẹ́ dójú ti ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó mú ohun tí ó mọ̀ nípa ọkà po, èyí tí ó jẹ́ ìjìnlẹ̀ gidi láàrin wọn, ó fi dáhùn. Ògbufọ̀ túmọ̀ rẹ̀. Àlejò kọ ọ́ sílẹ̀. Lọ́la, ìbéèrè tuntun yóò ti orí ìdáhùn àná gbéra. Kò sí ẹni tí ó purọ́ nínú gbogbo wọn.

Mo ń tẹnu mọ́ ọn pé kò sí ẹni tí ó purọ́, nítorí àwọn kan ti fi ìwádìí van Beek sọ Griaule di ayédèrú. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Geneviève Calame-Griaule, tí òun pẹ̀lú jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nínú èdè Dogon, gbèjà rẹ̀ gidigidi, ó ní àwọn ìmọ̀ kan wà tí a kì í fi han gbogbo ènìyàn. Ọ̀rọ̀ yẹn kò ṣeé ta nù ní ilẹ̀ wa. A mọ̀ pé awo kì í ṣe ti ọ̀gbẹ̀rì. Nígbà tí Griaule sì kú ní 1956, àwọn Dogon ṣe ìsìnkú fún un ní Sangha gẹ́gẹ́ bí ọmọ wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òkú rẹ̀ kò sí níbẹ̀. A kì í ṣe irú rẹ̀ fún ọ̀tá. Ní èrò tèmi, ìfẹ́ yìí gan-an ni ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà ṣòro. Ọ̀tá ni à ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún. Ọ̀rẹ́ ni à ń fún ní ohun tí ó ń fẹ́.

Irú ohun báyìí kò mọ sí Mali. Ní 1973, David Henige, òpìtàn ará Amẹ́ríkà, fi hàn bí ohun tí a ti tẹ̀ sínú ìwé ṣe ń padà bọ́ sẹ́nu àwọn àgbà Fante ní etíkun Ghana, tí wọ́n á sì máa sọ ọ́ bí ìtàn àbáláyé. Ní tiwa ńkọ́? Ìwé ìtàn Samuel Johnson, tí ó parí ní 1897, tí àbúrò rẹ̀ Obadiah sì tún kọ nígbà tí ti àkọ́kọ́ sọnù, jáde ní 1921. Láti ìgbà náà ni a ti ń kà á ní ilé-ẹ̀kọ́ àti ní ààfin. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ wa kan bá gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ sí ìlú rẹ̀ lónìí, tí baálé kan sì sọ ìtàn Ọ̀rányàn fún un láìṣì sọ gbólóhùn kan, mélòó nínú rẹ̀ ni ó gbọ́ lẹ́nu baba rẹ̀, mélòó ni ọmọ rẹ̀ tíṣà kà fún un? Mo ti ka iṣẹ́ àṣekágbá akẹ́kọ̀ọ́ tí ìbéèrè inú rẹ̀ gùn ju ìdáhùn lọ. Bí ìbéèrè bá ti ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Bàbá, ṣé kì í ṣe pé...", ẹ jẹ́ kí olùkọ́ tí yóò máàkì rẹ̀ fura.

Ṣùgbọ́n a kò gbọ́dọ̀ torí èyí sọ pé kò sí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ tí ó ṣeé gbà gbọ́ lẹ́nu àgbà. Ẹ wo Ifá. Ojú mẹ́jọ ni ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní. Ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣí tàbí kí ó dé. Iye ọ̀nà tí ó lè gbà balẹ̀ jẹ́ 256, kò lé, kò dín. Iye odù nìyẹn. William Bascom bá a bẹ́ẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ nígbà tí ó wà níbẹ̀ ní 1937 sí 1938. Bernard Maupoil, ará Faransé tí kò bá a ṣe pọ̀, bá a bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn onífá ilẹ̀ Dahomey, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1943. Ní Cuba, níbi tí òkun ti pín àwọn ọmọ wa níyà pẹ̀lú wa fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, 256 náà ni. Àwọn tí wọ́n bi ìbéèrè kò mọ ara wọn, àwọn tí wọ́n dáhùn kò mọ ara wọn, ìdáhùn sì dọ́gba. Michell ìbá fẹ́ràn irú ẹ̀rí yìí, nítorí ọ̀nà tirẹ̀ náà ni: kí á kọ́kọ́ béèrè bóyá èèṣì lè ṣe é. Tí po tolo kò rí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ kan ṣoṣo ni ó kó o jọ, ẹlòmíràn sì lọ, kò bá a níbẹ̀.

Bí ó bá sì jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà tí ó rí ohun tí ẹnikẹ́ni kò tí ì rí lójú ọ̀run ni akẹ́kọ̀ọ́ mi ń wá, kò nílò kí ó rìn jìnnà tó Bandiagara. Samuel Okoye, ọmọ Amawbia ní ìhà ìlà-oòrùn Nàìjíríà, wà ní Cambridge ní 1965 nígbà tí òun àti Antony Hewish kéde pé ohun kékeré kan tí ó lágbára lọ́nà àrà ń bẹ láàrin ìkùukùu Crab, ibi tí ìràwọ̀ ńlá kan ti fọ́ ní 1054. Wọn kò tí ì mọ ohun tí ó jẹ́. Ní 1968 ni a tó mọ̀ ọ́n: òkú ìràwọ̀ tí ń yí bí òòyì ni, ọ̀kan nínú irú àwọn tí mo ní wọ́n sọ èkejì Sirius di òwú. Okoye padà sílé, ó sì dá ibùdó ìwádìí ojú ọ̀run sílẹ̀ ní Yunifásítì Nsukka ní 1972. Ó kú ní 2009. Nínú ọgọ́rùn-ún akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mọ ti àwọn Dogon, n kò tí ì bá márùn-ún pàdé tí ó mọ orúkọ rẹ̀.

Sirius fúnra rẹ̀ kò tí ì tú gbogbo ohun tí ó fi pamọ́. Ní 2017, nípasẹ̀ Gaia, awò tí Yúróòpù gbé sójú òfuurufú láti ka ìràwọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, a rí agbo ìràwọ̀ odindi kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rí rí. Kì í ṣe ẹbí rẹ̀ o. Agbo náà jìnnà sẹ́yìn rẹ̀ gidigidi. Ìmọ́lẹ̀ Sirius ni ó bò ó mọ́lẹ̀ láti ìgbà tí a ti ń lo awò. Ibi tí gbogbo ayé tẹjú mọ́ jù ni ó wà.

Ọdún Sigui tí ó kọjá bẹ̀rẹ̀ ní 1967, ó sì lọ láti ìletò dé ìletò títí di 1973. Jean Rouch àti Dieterlen fi fíìmù ká a sílẹ̀. Ní 2027 ni ó yẹ kí òmíràn bẹ̀rẹ̀. Ìjà àti ìpayà ti lé ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò ní àwọn abúlé Bandiagara láti ọdún bíi mélòó kan wá, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ iye àwọn tí yóò lè padà wálé jó. Àwọn ọmọdé tí wọ́n jó ní 1967 ti di àgbà tí a ó máa bi ní ìbéèrè báyìí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti sin àwọn arìnrìn-àjò ká, wọ́n sì ti gbọ́ ti Sirius lẹ́nu wọn. Yóò dára kí ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lọ síbẹ̀, kí ó kọ́ èdè wọn kí ó tó lọ, kí ó gbé ẹní kan dání, kí ó jókòó, kí ó má sì dárúkọ ìràwọ̀ kankan títí àwọn onílé yóò fi dárúkọ rẹ̀.